Èsì: Èjìká tó ń dun aránṣọ níwájú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní aránṣọ kan tí ẹ ń wọ́ ara fún ní Kétu ń ké iwájú èjìká, ẹ fi òrí wọ́ ọ, ó rọ̀ ọ́n, àmọ́ tó bá ti padà sídìí ẹ̀rọ ni ìrora tún dé. Ẹ fi iwájú yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ̀yìn ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Iṣan kan tẹ́ sórí egungun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká, infraspinatus ni wọ́n ń pè é. Tí kókó bá so nínú rẹ̀, iwájú èjìká ni ìrora rẹ̀ máa ń yọ sí, nígbà míì á sọ̀ kalẹ̀ dé apá. Janet Travell, dókítà tó tọ́jú Ààrẹ Kennedy ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó ya àwòrán ibi tí irú ìrora bẹ́ẹ̀ ń sá lọ.

Kí aránṣọ náà dojú bolẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò wá ibi tó le bí okùn. Tí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó ní ìrora ń lọ sí iwájú èjìká, ẹ ti bá a. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60, níwọ̀n tó ṣì lè mí dáadáa. Èyí tí àwọn kan ń ṣe ní Àjàṣẹ́ níbí, kí wọ́n fi ìgúnpá gún un títí oníbàárà á fi sunkún, n kò fara mọ́ ọn rárá. Ṣe ni iṣan á tún le sí i. Lẹ́yìn náà, aṣọ gbígbóná, kó sì fa apá kọjá àyà díẹ̀díẹ̀.

Àmọ́ tí ọwọ́ bá ń kú tipiri, tàbí tí àyà ń fún un, ilé ìwòsàn ni kó kọ́kọ́ lọ o.