Mo yọ antivirus kúrò, àmọ́ kò lọ tán

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Business centre ni mo ń ṣe nítòsí North Gate FUTA ní Àkúrẹ́ níbí. Láptọ̀ọ̀pù tòkunbọ̀ tí mo fi ń tẹ project àwọn ọmọ yunifásítì ní antivirus kan lórí. Nígbà tí owó ọdún rẹ̀ tán, mo ní kí n yọ ọ́ kúrò. Ó ń yọ lọ́wọ́ ni iná lọ, bátìrì rẹ̀ kò sì dúró mọ́. Láti ìgbà yẹn, Windows Security ò jẹ́ kí n tan Defender, antivirus tó bá Windows wá, ó ní antivirus mìíràn ló ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà náà. Íntánẹ́ẹ̀tì ń falẹ̀. Nǹkan kan tún máa ń yọ nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún pé kí n wá sanwó. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní ká wọ C, ká pa gbogbo fódà tó bá ń jẹ́ orúkọ antivirus yẹn rẹ́. Ṣé kí n jẹ́ kó ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ ní kó dáwọ́ dúró ná. Fódà kọ́ ni ìṣòro yín. Fódà tó kù sílẹ̀ kì í pa ẹnikẹ́ni lára, àyè díẹ̀ ló ń gbà. Ohun tó ń yọ yín lẹ́nu wà nísàlẹ̀ ju fódà lọ.

Word tàbí CorelDRAW kì í ṣe nǹkan kan títí ẹ ó fi ṣí i. Antivirus kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn fáìlì tí à ń pè ní driver nínú C:\Windows\System32\drivers, tó ń jí pẹ̀lú Windows kí ẹ tó rí ojú kọ̀ǹpútà rárá. Gbogbo fáìlì tí ẹ bá ṣí, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Ẹ ó rántí July 19, 2024, tí ọ̀pọ̀ bàálù ò lè gbéra káàkiri ayé: àtúnṣe kan ṣoṣo tí ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà CrowdStrike fi ránṣẹ́ sí sọ́fítíwíà ààbò tiwọn ló ní àbùkù, kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 sì kú fin-ín, gẹ́gẹ́ bí Microsoft ṣe kà á. Ibi tí irú sọ́fítíwíà yìí wọ̀ dé nìyẹn.

Lẹ́yìn driver, ó tún forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Windows pé òun ni ẹ̀ṣọ́. Tí Windows bá ti rí orúkọ yẹn, Defender á yẹ̀ fún un kí àwọn méjèèjì má bàa máa jà. Ọ̀rọ̀ yín wá dà bí ọlọ́dẹ tí ẹ ti dá dúró, tó ti lọ sílé rẹ̀, àmọ́ tí kọ́kọ́rọ́ géètì ṣì wà lápò rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ tó ṣe antivirus náà ló mọ gbogbo ibi tó fara pamọ́ sí, wọ́n sì ní irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. McAfee ní MCPR. Norton ní Norton Remove and Reinstall. Avast Clear ni ti Avast, AVG Clear ni ti AVG, kavremover ni ti Kaspersky, ESET Uninstaller ni ti ESET. Orí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà gan-an ni kí ẹ ti gbà á. Ẹ má kàn tẹ “antivirus remover” sórí Google kí ẹ sì mú èyí tó bá kọ́kọ́ yọjú. Ìpolówó ló sábà máa ń wà lókè níbẹ̀, àwọn oníjìbìtì sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti Avast àti ti ESET, inú Safe Mode, ìyẹn Windows tó jí pẹ̀lú kìkì ohun tó ṣe dandan, ló yẹ kí ẹ ti lò ó. Ẹ di Shift mú, ẹ tẹ Restart, ẹ wọ Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, ẹ tẹ Restart. Tí nọ́ńbà bá jáde, ẹ tẹ 4. Àmọ́ kí ẹ tó ṣe é, ẹ wò ó nínú Settings bóyá Device encryption tàbí BitLocker, tó ń ti gbogbo fáìlì orí láptọ̀ọ̀pù pa, wà ní títàn. Tó bá wà, Windows lè béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà 48 lọ́wọ́ yín, ẹni tí kò bá sì ní i, gbogbo iṣẹ́ orí láptọ̀ọ̀pù náà di àwátì. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn síwèé. Ẹ kó project àwọn ọmọ náà sórí flash. Kí epo sì wà nínú jẹnẹrétọ̀, torí a ò fẹ́ ìdajì-ìdajì lẹ́ẹ̀kejì.

Tí irinṣẹ́ náà bá ní òun ò rí nǹkan kan, ẹ tún antivirus ọ̀hún gbé sórí kọ̀ǹpútà lákọ̀tun, ẹ jẹ́ kó parí, ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tún un tàn, kí ẹ wá yọ ọ́ kúrò padà. Ó jọ iṣẹ́ aṣiwèrè, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìjákulẹ̀ àkọ́kọ́ bàjẹ́ ni ìgbékalẹ̀ tuntun yìí ń tún ṣe, ó sì sábà máa ń jẹ́.

Ẹ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ṣí Windows Security, ẹ lọ sí Settings rẹ̀, ẹ tẹ Manage providers: Defender nìkan ló yẹ kó wà lábẹ́ Antivirus. Ní ti driver, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ tẹ fltmc. Orúkọ àwọn driver tó ń ṣọ́ fáìlì á tò wálẹ̀. WdFilter, ti Defender ni; FileInfo, Wof àti luafv, ti Windows ni, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú asw, ti Avast ni. Klif, ti Kaspersky. Mfehidk, ti McAfee. Eamonm, ti ESET. Tí ẹ bá ṣì rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ padà sídìí irinṣẹ́ náà.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì tó ń falẹ̀, ẹ tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ ncpa.cpl. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máúsì tẹ Wi-Fi, kí ẹ mú Properties. Tí orúkọ antivirus yẹn bá wà láàárín àwọn tó tò síbẹ̀, ẹ yàn án, ẹ tẹ Uninstall. Yíyọ àmì tó wà níwájú rẹ̀ nìkan kò tó.

Èyí tó ní kí ẹ wá sanwó yẹn ni mo fura sí jù. Ẹ wò ó dáadáa: ṣé orúkọ Chrome àti àdírẹ́sì ìkànnì kan tí ẹ ò mọ̀ rí wà lára rẹ̀? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe antivirus yín ló ń sọ̀rọ̀. Ìkànnì jìbìtì kan ni ẹnìkan tẹ Allow fún, tó wá ń fi orúkọ olórúkọ tọrọ owó. Nínú Settings Chrome, ẹ wá Notifications lábẹ́ Site settings, kí ẹ yọ ọ́ dànù níbẹ̀. Ẹ má fi nọ́ńbà ATM yín síbẹ̀ o.

Nípa registry, ìyẹn ibi tí Windows ń kọ gbogbo ètò rẹ̀ sí, ẹ fi í sílẹ̀. Microsoft fúnra wọn kò fọwọ́ sí àwọn sọ́fítíwíà tó ń “fọ” registry. Ibẹ̀ náà ni àbá ọmọ yín ti léwu: àwọn antivirus kan máa ń fi orúkọ driver wọn sí UpperFilters kíbọ́ọ̀dù, àkọsílẹ̀ kan nínú registry tó ń sọ driver tí kíbọ́ọ̀dù ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá pa fáìlì driver rẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kíbọ́ọ̀dù lè má jí mọ́. Tí gbogbo yíyẹ̀wò bá ti mọ́, ọmọ náà lè wá kó fódà tó ṣẹ́ kù nínú Program Files àti ProgramData dànù. Kí ẹ sì fún Defender ní Full scan lálẹ́, torí flash àwọn ọmọ ilé-ìwé ò mọ ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ ò sí nílé.

Ó ku ohun kan, torí ẹ ní tòkunbọ̀ ni. Tó bá jẹ́ páásíwọọ̀dù ni antivirus náà ń béèrè kó tó lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ni láptọ̀ọ̀pù náà ló fi í síbẹ̀. Ẹ má ṣe bá a fà á. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà nu láptọ̀ọ̀pù náà, kó sì gbé Windows tuntun sí i. Tí Windows tuntun náà bá tún jí, tó ń pe orúkọ ilé-iṣẹ́ kan tó ní kí ẹ fi ímeèlì ibẹ̀ wọlé, orúkọ wọn ṣì wà lórí rẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft, kò sí sọ́fítíwíà tí ẹ lè fi yọ ìyẹn. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín, kí ẹ sì gba owó yín.