Bátìrì Prius kú sínú búùtù: abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ lọ

Ẹ̀gbọ́n tí ẹ sọ pé Prius 2006 yín dákẹ́ láàárọ̀, tí búùtù kọ̀ tí kò ṣí, tí bátìrì kékeré fóòltì 12 rẹ̀ sì wà nínú búùtù ọ̀hún, tí ẹ wá ń béèrè bóyá èèyàn lè fi cháájà sí i láì tú u: ẹ jọ̀ọ́, kí rewire kankan tó fi irin há ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn, ẹ ka èyí tán.

Iná ló ń ṣí búùtù Prius 2004 sí 2009. Bí iná ò bá sí, kò lè ṣí láti ìta, kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Rewire tí kò ṣe irú rẹ̀ rí kì í gbà. Á ní lọ́ọ̀kì ló kú, á ki irin bọ abẹ́ rọ́bà, rọ́bà á ya, ọ̀dà á bó, búùtù á ṣì wà ní títì. Ẹ má gbà fún un. Owó gidi ni mo fi kọ́ èyí, ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ fa kọ́kọ́rọ́ irin tó wà nínú rìmóòtù yọ, ẹ fi ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ fa ọwọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wáyà irin lásán ló ń ṣí ìyẹn. Ẹ wo apá ọ̀dọ̀ awakọ̀, ẹ ó rí àpótí fíùsì dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ inverter (àpótí irin tó ń yí iná bátìrì ńlá tó ń wa mọ́tò padà). Ẹ ṣí ìdérí àpótí náà. Ọmọ ìdérí pupa kan wà nínú rẹ̀ tó ní àmì +. Ẹ fi èékánná gbé e sókè, irin kékeré kan á yọjú. Wáyà gbọọrọ kan ló gba abẹ́ mọ́tò lọ so irin yìí mọ́ orí pọ́sítífù bátìrì tó wà lẹ́yìn. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n gbé wá síwájú fún yín. Ẹnu jọ́ńpà (wáyà pupa àti dúdú tí a fi ń yá iná lára mọ́tò kejì) sì máa ń tóbi ju irin yìí lọ, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ẹ ti fi gbá a mú, kó má lọ kan irin mìíràn.

Ibi tó ń dunni jù nìyí: kí wọ́n gbé pupa síbi dúdú. Nínú mọ́tò àtijọ́, ẹ lè rí ìtapàrà iná kan, kí ẹ sì mú un jẹ. Prius kì í dárí jì. Fíùsì ńlá á kọ́kọ́ lọ. Bí kò bá tètè já, ohun tó ń cháájì bátìrì kékeré yìí wà nínú inverter gan-an, ó lè bá a lọ, àwọn kọ̀ǹpútà náà sì lè tẹ̀lé e. Owó inverter tọ́kunbọ̀ ju ti bátìrì tuntun lọ fíìfíì. Ohun tó ń fà á ni pé àwọ̀ wáyà ni wọ́n ń wò. Wáyà orí bátìrì tí rewire ti pààrọ̀ lè jẹ́ dúdú lápá méjèèjì, jọ́ńpà ọjà sì lè ti ṣá. Ara bátìrì mọ́tò kejì ni kí ẹ wò, níbi tí wọ́n tẹ + àti − sí. Bí ẹrẹ̀ bá bò ó, ẹ nù ún. Bí mítà bá wà, ẹ fi wò ó: tí iye tó gbé jáde bá ní àmì − níwájú, ẹ ti gbé e sódì.

Pupa sí irin Prius yẹn, pupa kejì sí + mọ́tò tó ń ranni lọ́wọ́, dúdú sí − tirẹ̀, dúdú ìkẹyìn sí nọ́ọ̀tì irin tí kò ní ọ̀dà lára ẹ́ńjìnì tàbí bọ́dì Prius. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Bátìrì ńlá tó ń lo ìyẹn jẹ́ fóòltì 201.6, ó lè pa èèyàn.

Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ tẹ POWER, títí àmì READY fi máa tàn níwájú awakọ̀. Prius kò ní kick starter. Iṣẹ́ bátìrì kékeré yìí kò ju kó jí kọ̀ǹpútà, kó sì so bátìrì ńlá mọ́ mọ́tò. Nítorí náà jọ́ńpà tẹ́ẹ́rẹ́ tó, jump starter kékeré alápò náà tó. Ẹni tó bá ní àfi bátìrì tírélà kò mọ ohun tó ń sọ.

Kí ẹ tó tú wáyà, ẹ tẹ bọ́tìnnì búùtù. Ó ti ní iná báyìí, á ṣí. Bí kò bá sí mọ́tò kejì nítòsí, ẹ gba orí àga ẹ̀yìn wọ ẹ̀yìn mọ́tò láti inú. Ìdérí kan tó ṣeé ṣí wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn búùtù, ọwọ́ irin kékeré wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tì í, ẹ ó gbọ́ "kaṣ". Bátìrì wà lápá ọ̀tún, lábẹ́ àwo ìkẹ́rùsí, súpánà 10 ló ń tú u.

Àwọn aládùúgbò á fẹ́ ti mọ́tò. Kò lè tàn bẹ́ẹ̀, àìsí iná náà ló sì so ó sí jíà P (ìdúró). Ọjọ́ tí tiwọn bá kú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi Prius jọ́ńpù: kick starter mọ́tò tiwọn á fa ohun tó ju agbára inverter lọ.

Cháájà tí ẹ béèrè: bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe láì tú nǹkan kan, láti irin abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn náà. Kó jẹ́ cháájà tó ní ipò AGM (irú bátìrì tí wọ́n sé pa, tí Prius ń lò), ámpù 4 kò gbọ̀dọ̀ kọjá, kó sì wà lórí rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má gbé e lọ bá àwọn tó ń cháájì lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n á tò ó mọ́ ti dánfó, wọ́n á fi ámpù ńlá sè é, wọ́n á sì fẹ́ fi irin ṣí orí rẹ̀ da ásíìdì sí i. AGM kò ní ibi ìdasí. Bí ẹ bá ra òmíràn, kó ní ihò tí ọ̀pá rọ́bà tó ń gbé èéfín jáde ń wọ̀. Inú yàrá kan náà pẹ̀lú yín ló ń gbé, ọ̀pá yẹn ló ń gbé èéfín ásíìdì síta. Ẹ má gbàgbé láti dá a padà.

Bí kò bá sí cháájà, READY nínú P fún wákàtí bíi mélòó kan á gbé e díẹ̀. Kó má jẹ́ jíà N, bátìrì ńlá kì í gba iná níbẹ̀. Kó má sì jẹ́ nínú gáréèjì tí wọ́n tì pa, ẹ́ńjìnì á tan fúnra rẹ̀. Ẹ fi mítà wò ó nínú READY: bí kò bá tó fóòltì 13.5, ó lè má jẹ́ bátìrì ló ń ṣe é. Bí ó bá tó, àmọ́ tí bátìrì tún sọ̀kalẹ̀ sísàlẹ̀ 12 ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ra tuntun.