Ṣé mo lè fi dátà tí ẹlòmíràn kó ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní ẹ̀ka ìmọ̀ àwùjọ, Ogbomoso ni mo sì ń gbé. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí ọjọ́ orí tí obìnrin fi ń lọ ilé ọkọ ní ìlú wa, bóyá ó ti yàtọ̀ sí ti ìgbà àwọn ìyá wa. N kò lówó tí màá fi pín ìwé ìbéèrè káàkiri. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n lo dátà tó ti wà nílẹ̀. Ibo ni mo ti máa rí i? Ṣé wọn ò ní sọ pé ọ̀lẹ ni mí?

Ìdáhùn: Wọn ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Émile Durkheim, ọ̀kan nínú àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí lélẹ̀, kò pín ìwé ìbéèrè fún ẹnikẹ́ni kó tó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìpara-ẹni jáde ní 1897. Àkọsílẹ̀ ikú tí àwọn ìjọba Yúróòpù ti kó jọ ló lò. Ohun tí àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ sì fi bá a wí ni kí ẹ fi sọ́kàn: akọ̀wé ló ń pinnu irú ikú tó máa kọ sílẹ̀, ìdílé tó bá sì ń tijú a máa bò ó mọ́lẹ̀.

Èyí tó bá iṣẹ́ yín mu jù ni NDHS (Nigeria Demographic and Health Survey), ìwádìí lórí ìlera àti ìdílé tí Àjọ Elétò Ìkànìyàn ṣe, fún àpẹẹrẹ ní 2008, 2013 àti 2018. Àwọn obìnrin ọdún 15 sí 49 ni wọ́n ń bi. Ọ̀fẹ́ ni ìwé àbọ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì; ìforúkọsílẹ̀ ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó fúnni ní fáìlì dátà gan-an.

Kí ẹ tó ṣí fáìlì kankan, ẹ ka ìwé ìbéèrè wọn. Ẹ̀yìn ìwé àbọ̀ ló máa ń wà. Kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n béèrè, oṣù àti ọdún tí obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ gbé ni. Ẹ wo bó ṣe rí nílé wa. Wọ́n lè so yìgì ọmọbìnrin kan, kó ṣì wà nílé bàbá rẹ̀ títí tó fi parí ẹ̀kọ́. Òmíràn ti kó tọ ọkọ lọ, ó ti bímọ, kí wọ́n tó ṣe ìdána. Ọjọ́ tó kó lọ ni NDHS máa kà fún àwọn méjèèjì. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ pé ẹ wọ̀n nìyẹn.

Ti ìgbà àwọn ìyá wa rọrùn. Ẹ ò nílò ìwádìí àtijọ́, nínú ti 2018 nìkan ẹ lè fi àwọn ọdún 45 sí 49 wé àwọn ọdún 25 sí 29. Àwọn àgbà yẹn ti pé ogún ọdún láàárín 1988 sí 1993. Ẹ má fi àwọn ọdún 15 sí 19 kún un o: ọ̀pọ̀ wọn kò tíì lọ́kọ, àwọn tó tètè lọ nìkan ni ẹ máa rí. Kó má sì yà yín lẹ́nu tí ọjọ́ orí tó parí sí 0 tàbí 5 bá pọ̀ jù. Àfojúdá ọjọ́ orí ni àwọn kan ń sọ, kì í ṣe pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibi tó le nìyí: ìpínlẹ̀ Oyo ni NDHS lè sọ̀rọ̀ fún, kò lè sọ̀rọ̀ fún Ogbomoso nìkan. Àwọn tí wọ́n bi ní ìlú kan kéré jù. Wọ́n tilẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ń sún àmì ibi tí wọ́n ti ṣèwádìí kúrò ní àyè rẹ̀, ó lè tó kìlómítà méjì ní ìgboro, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá àwọn tó dáhùn mọ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, àkọlé ni màá yí padà sí ìpínlẹ̀ Oyo.

Tí ẹ bá takú sí Ogbomoso, ìwé ìgbéyàwó wà ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ àti ní ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ tọrọ àyè, ọjọ́ orí àti ọdún nìkan ni kí ẹ dà kọ, ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ìdána lásán àti yìgì kì í sábà dé inú ìwé wọ̀nyẹn, ẹ ò sì lè fi wọ́n sọ̀rọ̀ fún gbogbo obìnrin ìlú.

Ẹ bá olùkọ́ yín sọ̀rọ̀ lórí àkọlé ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí ẹ̀ka míì kì í gbà kí a yí i padà tí wọ́n bá ti buwọ́ lù ú.