Ṣé òpùrọ́ ni ẹni tí wọ́n bá ní ó “exaggerate”?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, ọ̀gá yín kò tíì pè yín ní òpùrọ́. Ẹ ní ó kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ yín pé ẹ máa ń “exaggerate”, ẹ sì fẹ́ mọ ohun tó ní lọ́kàn. Ìwé ìnṣọ́ránsì ni mo ń bá àwọn èèyàn wa kọ ní London níbí, ọ̀rọ̀ yẹn sì ti jẹ owó ọ̀pọ̀ nínú wọn níṣojú mi.

Àbùmọ́ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kéèyàn tó bu òmíràn mọ́ ọn. Inú èdè Látìn ló ti wá, níbi tó ti túmọ̀ sí kíkó nǹkan jọ di òkìtì. Bí kò bá ṣẹlẹ̀ rárá tẹ́ ẹ ní ó ṣẹlẹ̀, irọ́ lásán nìyẹn.

Lẹ́nu, kò le. Ọ̀rẹ́ yín pẹ́ díẹ̀, ẹ ní ẹ ti ń dúró láti àárọ̀; á rẹ́rìn-ín, á ní “you're exaggerating”, ó tán. Orí ìwé ló ti máa ń gbóná. Páìpù bẹ́ nílé obìnrin kan, omi ba kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ jẹ́. Òótọ́ pọ́ńbélé. Nígbà tó ń kọ̀wé béèrè owó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ kápẹ́ẹ̀tì yàrá mọ́ ọn, yàrá tí omi ò dé. Lẹ́tà tí wọ́n fi dá a lóhùn ní “grossly exaggerated”, ìyẹn àbùmọ́ tó kọjá ààlà. Ẹnikẹ́ni ò jiyàn pé páìpù bẹ́, síbẹ̀ kò rí kọ́bọ̀ gbà: owó pálọ̀ náà bá a lọ. Òfin ìnṣọ́ránsì ọdún 2015 níbí gba iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì láyè láti má san nǹkan kan fẹ́ni tó bá ṣe màgòmágó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ “embellish” o. Ìyẹn ni kéèyàn ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Lọ́dún 2010, omi ya wọ yàrá ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ DC Merwestone. Àwọn olówó ọkọ̀ parọ́ nípa aago ìkìlọ̀ inú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń béèrè owó wọn, àmọ́ kì í ṣe iye owó náà ni wọ́n parọ́ lé lórí. Lọ́dún 2016, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí ìnṣọ́ránsì san án: wọ́n ṣe òótọ́ lọ́ṣọ̀ọ́ ni, wọn ò bù mọ́ ọn. Lójú tèmi, irọ́ yẹn burú ju ti kápẹ́ẹ̀tì lọ, ṣùgbọ́n ta ló bi mí?

Ní ti lílò, ohun tẹ́ ẹ bù mọ́ ló ń tẹ̀ lé e tààrà: “exaggerate the problem”. G méjì, r kan. “Over-exaggerate” táwọn kan ń sọ, àbùmọ́ lórí àbùmọ́ ni, ẹ fi sílẹ̀. “Overstate” rọ̀ jù ú lọ, wọ́n sì sábà máa ń lò ó fún bí nǹkan ṣe ṣe pàtàkì tó.

Ẹ padà lọ wo ohun tó tẹ̀ lé “exaggerate” nínú ìwé yín. Bí kò bá sí nǹkan kan, ìwà yín ló ń sọ. Bó bá jẹ́ iye wákàtí tàbí iye oníbàárà ló dárúkọ, ẹ kó àkọsílẹ̀ yín lọ bá a lọ́la, kó fi ibi tó ti lé hàn yín.