Ohun Tí Mo Bá Lábẹ́ Ìrọ̀rí Màámi

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa bàbá yín tó ní jẹjẹrẹ, tí wọn kì í fẹ́ lo mọ́fíìn olómi, oògùn ìrora tó lágbára, tí dókítà kọ fún wọn àfi tí ìrora bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má tíì bá bàbá jà. Mo ti ja ìjà yẹn pẹ̀lú màámi nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, èmi ni mo sì jẹ̀bi.

Jẹjẹrẹ ọmú ni tiwọn, ó ti dé eegun ẹ̀yìn kí a tó mọ̀. Tramadol ni wọ́n kọ́kọ́ kọ fún wọn. Ẹ mọ orúkọ tí oògùn yẹn ní nígboro: òun làwọn ọmọ gáréèjì ń gbé mì. Àǹtí mi kan rí páálí rẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Ṣé o fẹ́ sọ ìyá ẹ di ajoògùnyó ni?" Màámi gbọ́, wọn ò sọ nǹkan kan. Tí mo bá gbé oògùn fún wọn, wọ́n á gbà á, wọ́n á mu omi lé e, wọ́n á ní "O ṣeun, ọmọ mi." Tó bá di òru, wọ́n á máa kérora. Mo lọ sọ fún dókítà pé oògùn ò ṣiṣẹ́. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbé wọn gorí èyí tó le jù ú lọ ni mo ń pààrọ̀ aṣọ ìrọ̀rí, mo bá rí hóró tramadol mẹ́tàdínlógún tí wọ́n dì sí etí ìborùn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo rí i. Dókítà ì bá ṣírò oògùn tuntun lórí èyí tí wọn ò lò mọ́.

Mo pariwo lé wọn lórí, n ò ní parọ́. Mo ka iye owó tí a ti ná fún wọn. Nọ́ọ̀sì kan ló jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ kejì, ó béèrè ohun tí èmi ò béèrè rí: "Màmá, kí ni oògùn yìí ń ṣe yín?" Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń lò ó, ọjọ́ mẹ́fà làwọn ò fi yàgbẹ́, ikùn àwọn le bíi pátákó, ìrora ọ̀hún tilẹ̀ sàn jùyẹn lọ. Ojú ń tì wọ́n láti sọ irú ẹ̀ fún ọmọkùnrin.

Tramadol àti mọ́fíìn máa ń mú ìfun lọ́ra. Èébì àti oorun tó ń bá mọ́fíìn wá sábà máa ń lọ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ àìrígbẹ̀ẹ́yà kì í bá wọn lọ. Oògùn tó ń mú inú rọ̀ yẹ kó tẹ̀ lé e láti ọjọ́ kìíní, lójoojúmọ́. Tí wọn ò bá kọ ọ́ fún bàbá, ẹ lọ béèrè lọ́la. A jẹ ìbẹ́pẹ títí, ó dáa, ṣùgbọ́n kò lè dá a ṣe.

Ti pé bàbá ń dúró de ìrora kí wọ́n tó lò ó: mọ́fíìn olómi kì í pẹ́ lára, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Iná tí ife omi kan ì bá pa nídìí ààrò, tó bá ti dé orí òrùlé, garawa ò ní ká a. Nígbà tí màámi náà bọ́ sórí mọ́fíìn, tiwa ni aago 6 àárọ̀, 10, 2, 6 ìrọ̀lẹ́, 10 alẹ́. Dókítà sọ ti alẹ́ di ìlọ́po méjì kí wọ́n lè sùn mọ́jú. Ẹ bi dókítà tiyín, ẹ má dá a ṣe. Sìríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, torí ṣíbí ilé ò dọ́gba. Ìgò tuntun náà lè má ní agbára kan náà pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀, ẹ máa ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, títí kan ọjọ́ tí wọ́n yàgbẹ́.

Ti ajoògùnyó yẹn, ara á mọ́ mọ́fíìn lóòótọ́, ìyẹn ni kò fi dáa kí wọ́n já a lójijì. Ìyẹn yàtọ̀ sí ti ọmọ gáréèjì. Àwọn kan tún gbà pé ẹni tí wọ́n bá ti fún ní mọ́fíìn, ikú ti dé. Oṣù méje ni màámi fi lò ó, wọ́n ń jókòó síta bó ẹ̀gúsí, wọ́n sì ń bá àǹtí ọ̀hún jà.

Ẹ má jẹ́ kí ìgò gbẹ kí ẹ tó wá òmíràn. Tiwa tán lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Ìbàdàn ni mo ti rí i, nǹkan bíi 100 kìlómítà, lórí ọ̀nà tí gbogbo wa mọ ìyà rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi paraga tàbí oògùn oorun kún un. Tí wọ́n bá sùn tí ẹ ò lè jí wọn, tàbí tí èémí wọn lọ́ra jù, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Lálẹ́ òní, tí ilé bá dá, ẹ jókòó ti bàbá, ẹ bi wọ́n ìgbà tí wọ́n yàgbẹ́ kẹ́yìn. Tó bá jẹ́ obìnrin ni yín, ẹ rán ọkùnrin kan.