Èsì sí: "Àbúrò mi ń mu tramadol ní Òṣogbo, mo wà ní Kánádà, báwo ni mo ṣe lè jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ ní àbúrò yín ọkùnrin ti wọnú tramadol, oògùn ara ríro yẹn, àti kódíìnì, mọ́mì ń sọ pé ibà ni, àbúrò yín obìnrin ò fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ wá fẹ́ fi owó ìwòsàn ránṣẹ́ sí mọ́mì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n fi gbé e lọ. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹ má tíì fi owó yẹn ránṣẹ́. Ẹ ka tèmi ná.

Ìlú Leeds ni mo wà, èmi ni àkọ́bí, ilé wa wà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, l'Óṣogbo níbẹ̀. Kódíìnì ni àbúrò tèmi fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń dà mọ́ ẹlẹ́rìndòdò. Nígbà tí ìjọba fòfin de omi ikọ́ oníkódíìnì lọ́dún 2018, mọ́mì pè mí, inú wọn dùn, wọ́n ní Ọlọ́run ti gbọ́, ó ti parí nìyẹn. Kò parí o. Tramadol ló bọ́ sí, ó tún bọ́ sí colorado, igbó àtọwọ́dá tí wọ́n ń fà. Lọ́jọ́ kan ó ṣubú ní bálùwẹ̀, gìrì mú un, ojú ẹ̀ yí sókè, àwọn ará ilé ní ọwọ́ ayé ni. Tramadol máa ń fa gìrì báyẹn tó bá ti pọ̀ jù lára, àmọ́ ta ló mọ̀ nígbà yẹn, alfa la kọ́kọ́ gbé e lọ bá, lẹ́yìn náà wòlíì, èmi ni mò ń san gbogbo ẹ̀ láti ìhín.

Tí oògùn bá ti di bárakú sí ẹnì kan lára, kò sẹ́ni tí kì í kúrò ní ipò ẹ̀ nínú ilé. Sílíńdà gáàsì ló kọ́kọ́ tà, ó ta ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, lẹ́yìn náà ló kó àdìrẹ mẹ́fà tí oníbàárà ti sanwó ẹ̀ fún mọ́mì. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí aró jẹ́ fún aláró l'Óṣogbo. Mọ́mì mi tó ti ń rẹ aró kí wọ́n tó bí mi, wọ́n dúró níwájú oníbàárà, wọ́n ní aró náà ni kò mú, kí ó má bínú. Wọ́n ba orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn jẹ́ kí ẹnì kankan má baà pe ọmọ wọn lólè. Bàbá ò bá wọn jẹun ní pálọ̀ mọ́, mọ́sálásí ni wọ́n ń lọ jókòó sí láti Ásárì títí di Ìṣáì. Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún 15, ló di ọlọ́dẹ ilé, kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí ẹ̀, gbogbo ọ̀bẹ kíṣìnì ló kó pamọ́ sínú àpótí ìwé ẹ̀. Ọmọ yẹn ò ṣeré rí.

Èyí tó tẹ̀lé mi, obìnrin, àwọn ẹbí ọkọ ẹ̀ wá wádìí wa ládùúgbò bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ẹnì kan sọ fún wọn. Ọdún kan gbáko ni wọn ò yọjú fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ mọ́. Bùọ̀dá bàbá wa pe ìpàdé ẹbí, wọ́n ní ọmọ tí a ò kọ́ ló máa gbé ilé tí a kọ́ tà, kí bàbá lé e jáde. Mọ́mì ní a kì í fi ọmọ burúkú fún ẹkùn pa jẹ. Ibẹ̀ ni ìpàdé túká sí, ilé sì pín sí méjì látọjọ́ yẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín o. Ìwádìí ìjọba tọdún 2018 ní mílíọ̀nù 14.3 ọmọ Nàìjíríà láti ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, bí ẹni 1 nínú 7 nìyẹn. Ilé yín nìkan kọ́. Ìtìjú yìí gan-an ló sọ mọ́mì mi di ẹni tó ń purọ́.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Mo kó 420,000 náírà jọ, iṣẹ́ alẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, owó tí wọ́n máa fi gba bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn àti owó mọ́tò ni. Mo fi sí akáǹtì mọ́mì ní Tọ́sìdeè. Ní Sátidé wọ́n pè mí, wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ, dókítà ti dá a dúró. Mo kúnlẹ̀ ní kíṣìnì mo dúpẹ́. Tí mo bá ní kí n rí i lórí fídíò, wọ́n á ní wọn kì í jẹ́ kí aláìsàn lo fóònù ní wọ́ọ̀dù. Ọjọ́ 21 ni mo fi ń gbàdúrà fún ẹni tí kò sí ní wọ́ọ̀dù kankan. Àbíkẹ́yìn ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lóru, ó ń sunkún, ó ní àǹtí mi, mi ò lè dákẹ́ mọ́, Old Garage ni bùọ̀dá wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àṣé káàdì ATM mọ́mì ti wà lọ́wọ́ àbúrò mi tó ń mu oògùn yẹn tipẹ́. Síìmù tí alert ń wọlé sí, inú fóònù ẹ̀ ló wà. Mọ́mì ò mọ̀wé, òun ló máa ń bá wọn gbowó, òun ló yan PIN. Owó ti tán kí mọ́mì tó mọ̀ pé ó wọlé. Nígbà tí wọ́n wá mọ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní tí ẹ bá sọ fún àǹtí ẹ ò ní rí mi mọ́. Mọ́mì bò ó mọ́lẹ̀.

Mo bínú, mi ò pe mọ́mì fún oṣù méjì. Mo kábàámọ̀ ẹ̀ títí dòní, torí àwọn àti ọmọ yẹn nìkan ló kù síra wọn. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ló mú mi lọ sí ìpàdé àwọn ẹbí tí èèyàn wọn ń mu oògùn, níbí ní Leeds. Wọ́n ní nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ẹnì kan á máa bo àṣírí, ẹnì kan á dákẹ́ títí wọ́n á fi gbàgbé pé ó wà níbẹ̀, ẹnì kan á wá di akọni tó ń gbé ẹrù gbogbo wọn. Èmi ni akọni yẹn. Owó mi ló ra sílíńdà míì, owó mi ni mọ́mì fi san ti oníbàárà, mo rò pé mò ń gba ilé là, mi ò mọ̀ pé èmi ni mi ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà débi tí wọ́n á ti pariwo síta. Ẹ̀gbọ́n, ẹ yẹ ara yín wò dáadáa níbí yìí.

Ó yá, ohun tẹ́ẹ máa ṣe. Kẹ́ẹ tó sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn rárá, ẹ gba káàdì ATM àti síìmù mọ́mì kúrò lọ́wọ́ àbúrò yín ọkùnrin. Ìyà tí báńkì fi jẹ wá lórí èyí, mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Wọ́n ní mọ́mì fúnra wọn ni kó wá, ẹni tí orúnkún ń dùn. Wọ́n dé ibẹ̀ aago mẹ́jọ, wọ́n ní nẹ́tíwọ̀kì ò sí. Wọ́n padà lọ, wọ́n ní orúkọ tó wà lórí NIN fi lẹ́tà kan péré yàtọ̀ sí tiwọn, kí wọ́n lọ gba ìwé ìbúra ní kóòtù. Ní kóòtù akọ̀wé kan ní bébà ti tán. Ọmọdékùnrin tó wà ní káńtà wá ń bi mọ́mì mi níwájú èrò pé mama, ṣé ọmọ yín ló jà yín lólè ni. Wọ́n sunkún délé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n lọ. Torí náà ẹ jẹ́ kí ẹni tó lè sọ̀rọ̀ tẹ̀lé wọn, kó mú NIN àti BVN dání, káàdì tuntun kó bọ́ sọ́wọ́ àbúrò yín obìnrin. Kí wọ́n yí PIN padà níbẹ̀, kì í ṣe nílé o!

Àró l'Abẹ́òkúta la gbé e lọ nígbẹ̀yìn. Gbígba káàdì ilé ìwòsàn àti rírí dókítà ò le, ẹ máa ṣe é. Ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ni, kí wọ́n gba nọ́ńbà RRR ti Remita níbẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sanwó fún ìjọba lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, kẹ́ẹ san án fúnra yín. Mo fi akáǹtì náírà mi san án, mo rí rìsíìtì, kò gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá. Ẹbí gbọ́dọ̀ bá a lọ. Láyé Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, abúlé tó yí Àró ká ni wọ́n ń fi aláìsàn wọ̀ sí pẹ̀lú ẹbí tó tẹ̀lé e wá, mo rò pé wọ́n ti mọ̀ látìgbà yẹn pé ẹnì kan ò lè dá gbádùn kí ilé má yí padà. Bàbá ló bá a lọ. Mo bẹ̀ wọ́n fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kí wọ́n tó gbà.

Ẹ má gbà fún àwọn tó máa ní àwọn ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wo irú ẹ̀ sàn. Ilé ìtọ́jú kan ní ká san owó oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, àbíkẹ́yìn wo inú yàrá, ó rí ẹni tí wọ́n so ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí lóṣù kìíní 2023 ti sọ ọ̀nà tí wọ́n lè gbà dá ẹni tí kò gbà dúró, dókítà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tẹ́ẹ bá ń bẹ̀rù pé NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, á mú un, wọ́n ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń gba ẹbí nímọ̀ràn, 0800 1020 3040, ẹni tó wà nílé ni kó pè é.

Àbúrò mi padà sídìí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tó jáde, lóṣù Kejìlá, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn já yín kulẹ̀ tó bá ṣẹlẹ̀, a tún gbé e padà ni. Ìkìrun ló ń gbé báyìí lọ́dọ̀ bùọ̀dá bàbá wa, ẹni tó ní kí wọ́n lé e jáde yẹn náà, ó ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà, oṣù kọkànlá rèé. Nígbà Iléyá, bàbá mú ọ̀bẹ, wọ́n nà án sí i pé kó wá kun àgbò. Àbíkẹ́yìn ló ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo ṣì ní in lórí fóònù mi.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pe àbúrò yín obìnrin lálẹ́ yìí, òun nìkan, nígbà tí mọ́mì bá ti sùn. Ẹ má bi í nípa oògùn. Ẹ kàn bi í pé ọwọ́ ta ni káàdì ATM mọ́mì wà.