Èsì: Ṣé àwa nìkan ni a kì í fẹ́ dín ìlò kù nítorí àyíká?

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bèèrè bóyá àwa nìkan ni a di etí sí ọ̀rọ̀ àyíká, àbí bẹ́ẹ̀ náà ni lókè òkun. Bẹ́ẹ̀ náà ni o. Ìdí rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ní Faransé lọ́dún 2018, owó orí tí ìjọba fẹ́ fi kún epo ọkọ̀ ló lé àwọn èèyàn sí títì nínú ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè. Wọn ò kórìíra àyíká. Ẹni tó ń gbé níbi tí bọ́ọ̀sì kì í dé, kí ni kó wọ̀ lọ síbi iṣẹ́? Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ti fà sẹ́yìn.

Ní Èkó, wọ́n fòfin de ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí àwọn onírẹsì ń lò ní January 2024. Ike yẹn kò gbówó lórí, kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ dà, oníbàárà sì lè gbé e wọ dáńfó. Ike líle dáa jù ú lọ, àmọ́ ta ni yóò san àfikún? Ẹni tó bá sì gbé abọ́ wá láti ilé, wọ́n lè pè é ní ahun. Ojú ayé wà níbẹ̀ gan-an (ẹ dán an wò kí ẹ má pín bọ́kẹ́ẹ̀tì níbi ìnáwó!).

Lójú tèmi, ìwàásù kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ní England, nígbà tí àwọn ilé ìtajà ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í gba pẹ́ńsì 5 lórí ọ̀rá kan lọ́dún 2015, ìlò rẹ̀ já wálẹ̀ gan-an, torí ó rọrùn láti mú àpò dání.